Ẹ kọ́kọ́ wo bíréèkì: bí ẹ ṣe máa yan spọ́ọ̀tì kà tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò ní Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé tàbí ní Alágbàká, tí ẹ ní spọ́ọ̀tì kà lẹ ń wá, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni “fúùlù ọ́pṣọ̀n ni o.” Mo máa ń bá àwọn èèyàn lọ yẹ ọkọ̀ wò, mo sì mọ ohun tí àwọn dílà ń pè bẹ́ẹ̀: síìtì aláwọ, òrùlé tó ń ṣí, rédíò ńlá, ríìmù tó ń dán yinrin. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ kò sí èyí tó máa dá ọkọ̀ dúró nígbà tí màlúù bá dédé já sójú títì lẹ́bàá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ọ́pṣọ̀n tó kan eré gan-an wà, ojú kì í tètè rí i. Òun ni ilé-iṣẹ́ fi ń ya ọkọ̀ méjì tó jọra sọ́tọ̀, òun náà ló sì ṣòro jù láti fi kún ọkọ̀ tó bá ti wọ Nàìjíríà láìní in. Bí èmi bá ń yàn, bí mo ṣe ń tò wọ́n nìyí: bíréèkì, ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, dífúrẹ́ńṣà (ohun tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì), gíá, ṣọ́kì. Agbára ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló máa bá mi jiyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ariwo V8, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi tán ná.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ọ̀nà ilé yín

Láàárín ìlú, eré tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fọwọ́ sí kò ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Lójú òpópónà márosẹ̀, 100 ni fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni. A ò sì ní pápá ìje mọ́tò ní Àkúrẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 300 àti èyí tó ní 450, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa dúró sí nínú gòsùlò Ọjà Ọba. Ohun tí ẹ máa mọ̀ lára lójoojúmọ́ ni bí ọkọ̀ ṣe ń ya kọ́nà, bó ṣe ń dúró, bóyá ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti bóyá ikùn rẹ̀ ń ha ilẹ̀.

Ẹ mú tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ wọn gegele tó ga jù nínú àwọn tí wọ́n mọ sójú títì ládùúgbò yín láti dín eré kù, kí ẹ sì wo ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà jù láàárín ilé yín sí títì ńlá. Tí ẹ bá dé ibi ọkọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ètè bọ́ńpà iwájú, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lábẹ́ ikùn. Ẹni tí títì dé ẹnu géètì rẹ̀ lè gba ọkọ̀ tó rẹlẹ̀. Ẹni tó ń gbé nínú àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé, tí òjò ń sọ ọ̀nà ibẹ̀ di kòtò lọ́dọọdún, kò yẹ kó ra ọkọ̀ tó ní ṣọ́kì tó tún fà á sílẹ̀ sí i. Porsche Cayman tàbí 911 ti ọdún 2005 sí 2012 tó ní ṣọ́kì oníná tí wọ́n ń pè ní PASM, mílímítà 10 ló fi rẹlẹ̀ ju èyí tí kò ní in lọ. Mílímítà 10 yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà láàárín bọ́ńpà yín àti gegele.

Ìgbésẹ̀ 2: Nọ́ńbà ṣásí ni kí ẹ kà, kì í ṣe máàkì ẹ̀yìn búùtù

Ẹnikẹ́ni lè ra máàkì AMG, ti ọkọ̀ eré Mercedes, lọ́jà kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ búùtù. Èyí tó tún ń da àwọn èèyàn láàmú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń fi orúkọ eré sára ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí padà rárá. Lexus IS 250 tí wọ́n kọ F Sport sí lára, ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 náà ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 204. IS F gan-an, V8 lítà 5.0 ni, agbára ẹṣin 416. Mercedes C300 ti ọdún 2008 sí 2011 tó wọ aṣọ AMG, 228 ni agbára rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. C63 AMG tí wọ́n jọ jáde, 451. BMW 328i tó ní M Sport, 230; M3 ìgbà yẹn, 414. Ẹ ò rí i pé bí dílà bá ta C300 fún yín lówó tó sún mọ́ ti C63 nítorí bọ́ńpà tó gbé wọ̀, ẹ ti ra bọ́ńpà nìyẹn.

Nọ́ńbà ṣásí wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá dírẹ́bà, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí níbẹ̀, torí náà bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. J ni ti Japan, W ni ti Jámánì. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé F tó jẹ́ 2015, G 2016, H 2017, J 2018. Dílà tó bá ní 2017 ni ọkọ̀ òun, tí ipò kẹwàá sì jẹ́ F, ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún un jẹ́jẹ́, kí ẹ sì padà sórí ọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòdù ọ́pṣọ̀n. Porsche máa ń lẹ bébà funfun kan mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, àwọn nọ́ńbà kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, 220 ni dífúrẹ́ńṣà tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán, 450 ni bíréèkì seramiiki, 475 ni PASM. Ford máa ń kọ kóòdù dífúrẹ́ńṣà sára bébà tó wà ní òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Chevrolet Camaro SS ti ọdún 2010 sí 2015, ẹ wá LS3 tàbí L99 nínú bébà kóòdù rẹ̀: LS3 ni ti gíá ọlọ́wọ́, agbára ẹṣin 426, L99 ni ti ọ̀tọ̀matíìkì, 400. Ti BMW, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣásí sínú àwọn ibi tó ń túmọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kóòdù 337 ni M Sport.

Kí ẹ tó kúrò nídìí fóònù, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣásí náà lódindi sí Google. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló gba ibi gbàǹjo kọjá ní Amẹ́ríkà, fọ́tò wọn sì sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀: bọ́ńpà tó fọ́, ẹ́ábáàgì tó ti tú, omi tó wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbá nǹkan kì í ṣe ọkọ̀ tí a kò lè rà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ omi, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí ọdún, torí nígbà míì ó ju ọ́pṣọ̀n lọ. Porsche 911, Boxster àti Cayman tí wọ́n ṣe títí di 2008, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bẹ́rìn kan nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní IMS. Bí ó bá fọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń bá a lọ. Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2009, wọ́n yí ẹ́ńjìnnì wọn padà, àìsàn yẹn sì lọ. Mo fara mọ́ Cayman 2009 tí kò ní ọ́pṣọ̀n kankan ju ti 2006 tó ní gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Bíréèkì

Níbí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ, kódà bó jẹ́ ọ̀sán gangan. Ẹ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, kí ẹ sì tan iná sí àárín apá ríìmù. Irin ńlá tó di dísìkì, àwo irin tó ń bá táyà yí, mú ni ẹ ń wá, káípà ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká fi Ford Mustang GT ti 2015 sí 2017 ṣe àpẹẹrẹ, torí ó wà nílẹ̀ dáadáa ní Nàìjíríà. Èyí tó wá pẹ̀lú Performance Package, káípà Brembo onípísítìnnì mẹ́fà (àwọn irin inú káípà tó ń ti páàdì bíréèkì mọ́ dísìkì) ló wà níwájú rẹ̀, dísìkì rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 380. GT lásán, písítìnnì mẹ́rin àti 352. Ìyàtọ̀ yẹn kì í hàn bí ẹ bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà, nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ọkọ̀ àjàgbé sì wà níwájú yín, ibẹ̀ ló ti ń hàn. Dísìkì ńlá ń tètè tu ooru dànù, èyí tó kéré á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Pákéèjì yẹn kan náà ló tún fi redíétọ̀ tó tóbi sí i kún un, torí náà ó ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Infiniti G37 tó ní páàkì Sport náà bẹ́ẹ̀: písítìnnì mẹ́rin níwájú, méjì lẹ́yìn, èyí tí G37 lásán kò ní.

Wàyí o, káípà pupa kò túmọ̀ sí káípà ńlá. Àwọn kan ń ta ike tí wọ́n kọ Brembo sí, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tàbí wáyà dè é mọ́ káípà kékeré. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kàn án. Irin á dún bí irin; ike á dún kò-kò-kò, òmíràn tilẹ̀ máa mì. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: káípà gidi ni páìpù bíréèkì ń wọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ike kò ní ẹ̀yìn.

Tí ẹ bá ti mọ̀ pé gidi ni, ẹ fi èékánná wọ́ ojú dísìkì láti àárín bọ̀ síta, nígbà tó bá ti tutù. Bí èékánná yín bá há sí etí tó yọ sókè gbàgà, dísìkì ti jẹ tán nìyẹn. Ìwọ̀n tó kéré jù tí dísìkì lè dé sábà máa ń wà lára rẹ̀ gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin níbi tó sún mọ́ àárín. Mẹkáníìkì tó ní irin ìwọ̀n lè bá yín wọ̀n ọ́n. Bí dísìkì bá ní ihò wínníwínní, ẹ wò ó bóyá ìlà ti ń là láti ihò kan bọ́ sí òmíràn. Ìlà tó ti dé ihò kejì, dísìkì náà ti di ohun ìjùnù, ẹ sì yọ owó dísìkì mẹ́rin kúrò nínú owó ọkọ̀.

Bíréèkì seramiiki ti Porsche, èyí tí káípà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ohun dáadáa ni, ó fúyẹ́, kì í tètè jẹ. Àmọ́ bí òkúta bá fọ́ etí dísìkì kan lójú ọ̀nà Adó, owó tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ lè ra ọkọ̀ kékeré. Irin lásán tó pé ló dáa fún wa.

Ìgbésẹ̀ 4: Epo wa, àti ooru wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ agbára ti ń já sí nìyí. Epo tí à ń rà nílé epo ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 91 ni òǹkà RON rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ìṣirò míì ka tiwọn: èyí tí wọ́n kọ 87 sí lára pọ́ọ̀ǹpù, tó rẹlẹ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, ni epo wa sún mọ́. Èyí tí wọ́n kọ 91 tàbí 93 sí ga ju tiwa lọ dáadáa. Torí náà, bí ìwé ọkọ̀ bá ní “premium” ló gbọ́dọ̀ mu, a ò ní in nílé epo wa.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Epo tó rẹlẹ̀ máa ń gbiná fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà kí iná tí plọ́ọ̀gì ṣá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àgàgà nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fún pọ̀ gan-an tàbí èyí tó ní tọ́bò, tó ń fi tipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń mi ìṣó nínú agolo. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, á sì dín agbára kù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹ fowó rà á ṣe ń bọ́ dànù, tó bá sì pẹ́ títí, písítìnnì lè bàjẹ́. C63, M3 àti BMW 335i onítọ́bò méjì, epo tó ga ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Mustang 5.0 ti 2015 sí 2017, Ford fọwọ́ sí i kó mu 87 ti Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹṣin 435 tí wọ́n kọ sí ìwé kò ní pé pérépéré. Ìdí tí mo fi máa ń tọ́ka àwọn èèyàn sí ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nìyẹn.

Ooru tẹ̀ lé e. Nissan 370Z ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ kò ní redíétọ̀ kékeré tó ń mú ọ́ìlì tutù, bí wọ́n bá sì lé e nípá, ọ́ìlì á gbóná títí kọ̀ǹpútà á fi já agbára rẹ̀ gbà. Àwọn 335i kan ti 2007 náà wá láìní in. Ẹ béèrè ọ́pṣọ̀n yìí ní tààrà lórí ọkọ̀ yòówù tí ẹ bá ń rà, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú.

Ẹ ṣí ike omi redíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Àwọ̀ kúlẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ewéko, pupa tàbí búlúù. Bó bá pọ́n bí omi ìpẹtà, omi lásán ni wọ́n ń rọ sí i, redíétọ̀ àti pọ́ọ̀ǹpù omi ti ń jẹ nìyẹn. Àṣà kan tún wà láàárín àwọn mẹkáníìkì wa tó ń bí mi nínú: bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnnì, jù nù. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ tirẹ̀, tútù ló máa ń wà bó bá ń sáré lójú ọ̀nà ńlá, á máa mu epo, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ so skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ́ ọn kí ẹ wo ìwọ̀n ooru rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wà á: ó yẹ kó gòkè dé nǹkan bí 85 sí 100 ní Celsius, kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí 60 lójú ọ̀nà tó ṣófo, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ìgbésẹ̀ 5: Dífúrẹ́ńṣà àti gíá

Dífúrẹ́ńṣà lásán máa ń kó agbára fún táyà tí kò rí ilẹ̀ dì mú. Nígbà òjò, táyà kan á máa yí nínú ẹrẹ̀, èkejì á dúró gbọin, agbára á sì máa ṣòfò bí ẹ bá tẹ iná lójú kọ́nà. Èyí tó dáa á pín agbára náà sí méjèèjì. Ẹ kà á lára kóòdù gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí. Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí jáàkì, wọ́n á fi ọwọ́ yí táyà kan láti wo ibi tí èkejì máa yí sí. Bí wọ́n bá jọ yí síwájú, dífúrẹ́ńṣà náà dáa. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá yí sẹ́yìn, ẹ má tíì sọ pé kò ní in: Torsen inú Mustang àti olómi inú G37 lè tanni jẹ níbẹ̀, torí wọn kì í ṣiṣẹ́ àfi tí agbára bá wọ̀ wọ́n. Kóòdù ló ń já irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ti gíá, ẹni tó máa tún un ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀tọ̀matíìkì lásán, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́ mọ̀ ọ́n. Gíá ọlọ́wọ́ rọrùn jù, kílọ́ọ̀ṣì ló sábà ń parí, ẹsẹ̀ yín ló sì máa rò ó nínú gòsùlò. Gíá oníkílọ́ọ̀ṣì méjì bíi DSG inú Golf GTI yára gan-an, ó sì dùn ún wà, àmọ́ onígíá mẹ́fà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ́ìlì tuntun ní gbogbo 60,000 kìlómítà, ọ́ìlì tirẹ̀ gangan, kì í ṣe èyí tó bá wà lórí àtẹ. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. SMG ti BMW M3 àtijọ́, ẹ má ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 6: Ṣọ́kì, ríìmù, táyà

Ọ́pṣọ̀n tó ń jà wọ ara wọn ló pọ̀ níbí. Mustang GT lásán wá pẹ̀lú táyà 235/50 lórí ríìmù 18. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìdajì 235 jẹ́ mílímítà 117, ìyẹn ni rọ́bà tó wà láàárín ríìmù yín àti kòtò. Ti Performance Package, 255/40 lórí 19 ni níwájú, ó jẹ́ 102. Bí ẹnì kan bá tún wá gbé 275/30 lórí 20 wọ̀ ọ́ torí ẹwà, 82 ló kù. Èmi á ṣì mú èyí tó ní Brembo, màá sì rọra la kòtò kọjá. Ti 20 yẹn ni mi ò ní gbà, àfi bí wọ́n bá fi ríìmù ilé-iṣẹ́ kún un fún mi. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ríìmù 18 ló máa gba orí dísìkì 380 kọjá, torí náà ẹ má rò pé ẹ lè padà sí kékeré lọ́la.

Ṣọ́kì oníná bíi PASM àti MagneRide, tó ń le tó ń rọ̀ fúnra rẹ̀, ohun àmúyangàn ni nígbà tó bá ṣì pé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ti ń rin ín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wà á, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ lára. Bí ìyàtọ̀ kò bá sí, tàbí tí iná rẹ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ béèrè iye ọ̀kan ní Ládípò kí ẹ tó dá wọn lóhùn.

Táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú ìwọ̀n ń sọ eré tó lè gbà: H kò ju kìlómítà 210 ní wákàtí kan lọ, V 240, W 270, Y 300. Ọkọ̀ V8 tí fọkanáísà gbé táyà H wọ̀ fún, wọ́n ti rẹ́ owó jẹ lórí ẹ̀mí ẹni tó máa wà á. Ọ̀pọ̀ spọ́ọ̀tì kà ni kò ní táyà ìpààrọ̀ nínú búùtù. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó rìnrìn àjò lọ sí Ọ̀rẹ̀ lóru.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun tí ẹlòmíì ti fi kún un

Sálénṣà tó ń bú, sípíríìnì tí wọ́n gé, fílítà afẹ́fẹ́ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti yí. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ́pṣọ̀n, ìfẹ́ inú ẹlòmíì ni, ẹ má sì san kọ́bọ̀ lé owó ọkọ̀ nítorí wọn. Fílítà tó ṣí sílẹ̀ yẹn, eruku ọyẹ́ ló máa fà wọlé. Sípíríìnì tí wọ́n gé kò ní padà bọ̀ sípò. Bí sálénṣà bá ń bú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá wọ́n ti gé kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, tà, tí wọ́n sì fi páìpù lásán jó o pọ̀.

Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ pé ẹ sáná sí ẹ́ńjìnnì. Iná “check engine” àti ti ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n tó kú lẹ́yìn tí ẹ bá sáná. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ọ́. Bákan náà, skánà lè fi hàn bóyá àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ti parí tàbí wọn kò tíì parí. Bí ọ̀pọ̀ kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa àṣìṣe rẹ́ nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà á dáadáa, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ wà á

Ẹ sọ fún dílà lálẹ́ pé “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná sí i kí n tó dé.” Tí ẹ bá dé láàárọ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti fi ohun kan pamọ́: èéfín àárọ̀, tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń kọ̀ láti gbiná.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e gba àárín ìlú, ẹ jẹ́ kó dúró nínú gòsùlò pẹ̀lú éèsì ní títàn, kí ẹ máa wo ooru rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gba ọ̀nà Ìdànrè, torí kọ́nà àti òkè wà níbẹ̀. Níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn yín, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí láti 80 sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Sítíárìn kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fà sápá kan, pẹ́dà kò sì gbọ́dọ̀ máa rì sí i. Kí ẹ má gbàgbé pé àwọn ọlọ́kadà àtàwọn ọmọ iléèwé wà lọ́nà náà. Bí títì kò bá ṣófo, ẹ padà lọ́jọ́ míì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣì tọ́jú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún owó yín, kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún dílà. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ fi nọ́ńbà ṣásí inú rẹ̀ wé ti ara ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ṣáájú ohunkóhun, torí ó máa ń fa omi mọ́ra bó bá pẹ́, omi yẹn ló sì máa ń hó nínú páìpù nígbà tí bíréèkì bá gbóná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà, kúlẹ́ǹtì, ọ́ìlì gíá àti ti dífúrẹ́ńṣà, táyà bó bá ti gbó. Fíìmù dúdú ara gíláàsì lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.